Ṣé dandan ni kí n dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí mo bá lọ ṣe ski?

Bọ̀dá_Sábó:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọyẹ́. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan, mo sì ti mọ̀ pé àwọn kan máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ṣáà ṣe é tán kẹ́ ẹ wá dá mi lóhùn.

Èmi àti madam ń lọ sí Calgary ní Kánádà lóṣù tó ń bọ̀. Àbúrò ẹ̀ ló bímọ síbẹ̀, ìyá wọn ti lọ wẹ ọmọ láti bí oṣù mẹ́ta, àwa náà ní ká lọ kí wọn ká sì fi sinmi díẹ̀. Àfi bí ọkọ àbúrò ìyàwó mi ṣe pè mí lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní bá a bá ti dé, òun máa mú wa lọ ṣe ski. Ski o! Èyí tá a máa ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń so pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti orí òkè wá sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wá fi iye tí wọ́n ń gbà ránṣẹ́, owó ìwọlé lọ́tọ̀, owó bàtà àti pákó ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, owó olùkọ́ lọ́tọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá ni mo wá rí hẹ́límẹ́ẹ̀tì, dọ́là 12 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́ di náírà lórí fóònù mi, mo wò ó, mo pa fóònù dé.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé dandan ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn? Torí ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá báyìí tí mo ti ń gun ọ̀kadà láti Ìgbógbó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó ní Ìkòròdú, àárọ̀ àti alẹ́, kò sóhun tó gorí mi rí ju fìlà lọ. Ọ̀dà ló sì wà nílẹ̀ tiwa níbí o, kì í ṣe yìnyín. Yìnyín tó rọ̀ bí òwú, kí ló fẹ́ fi orí mi ṣe?

Ìkejì, tó bá wá jẹ́ dandan, mo ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà kan nílé, kọ́sítọ́mà kan ló fi dúró nígbà tí ò rówó fóònù san tán, kò tíì padà wá gbà á títí dòní. Ó ṣì dáa. Ṣé mo lè dì í sínú báàgì kí n má baà san dọ́là wọn?

Ọmọ_Ìjẹ̀dé_Gidi:

Hahahaha ẹ gbà mí o. Èèyàn tó ń yà fún kòtò lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dé kó má baà ṣubú lọ́fẹ̀ẹ́ ló fẹ́ wọ bàálù lọ sílùú òyìnbó lọ sanwó kó tó ṣubú. Bọ̀dá mi, ẹ jókòó ti ìyá ìyàwó yín kẹ́ ẹ máa jẹ ẹran ìkómọ. Kí lẹni dúdú ń wá lórí yìnyín? Tẹ́ ẹ bá sì gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà gba iwájú àwọn ìmígíréṣọ̀n, wọ́n á ní ẹ wá fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀yìn ni wọ́n á ti dá yín padà.

ÌyáÌbejì_Calgary:

Ẹ má dá ọmọ Ìjẹ̀dé lóhùn jàre. Ìkòròdú lèmi náà, ọ̀nà Ẹ̀bútẹ̀ nilé bàbá mi, ọdún kẹfà mi rèé ní Calgary, àwọn ìbejì mi ti ń ṣe ski bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti yìnyín tó rọ̀ bí òwú yẹn, torí ohun tó tan èmi náà jẹ nìyẹn.

Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ rọ̀ lóòótọ́, ẹ lè fi ṣe ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe ski ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan bíi katapílà ló máa ń tẹ̀ ẹ́ lóru kó lè tẹ́jú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á tún gùn ún mọ́lẹ̀, oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ díẹ̀, òtútù òru á tún dì í. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ fi ọ̀pá tí wọ́n ń mú dání ṣe ski gún un, á dún kó, bí ẹni gún teráásò. Ó sì jọ pé òkè tí wọ́n lò fún Òlíńpíìkì ọdún 1988 ni wọ́n máa mú yín lọ, torí inú ìlú níbí ló wà, ibẹ̀ làwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú yìnyín ibẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ bá sì ṣe máa ń le ju èyí tó bọ́ látojú ọ̀run lọ.

Ẹ̀kọ́ mi kẹta ni o. N ò tíì gun òkè kankan, ibi àwọn ọmọdé ni mo wà, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì kan ti ń rìn fúnra ẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Mo ti sọ̀kalẹ̀ tán, mo ti dúró sójú kan gan-an, mò ń wá ibi tí ọkọ mi wà kó lè ya fọ́tò mi. Bí mo ṣe ní kí n juwọ́ sí i báyìí, pákó ẹsẹ̀ ọ̀tún gorí tòsì, ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi wá sílẹ̀ látẹ̀yìn gbalaja. Ìpàkọ́ mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bó ṣe dún, bí ìgbà tí àgbọn já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì ni. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ mò ń wo ojú ọ̀run, ọmọ òyìnbó kan tí ò lè ju ọdún márùn-ún lọ yọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan, ó tún yọ̀ lọ. Mo dìde, orí ò fọ́ mi, ìtìjú ló pọ̀ jù. Ìgbà tá a délé tá a yọ aṣọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn la tó rí i pé fóòmù ẹ̀yìn ẹ̀ ti sán, ìlà tín-ín-rín kan báyìí bíi ti ẹyin téèyàn gbá mọ́ etí ìkòkò. Ọkọ mi gbé e dání, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Fóòmù funfun yẹn, ẹbí èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun náà ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rún. Bó ṣe ń rún yẹn ni kì í jẹ́ kí orí dúró gbì lójijì. Tó bá sì ti rún lẹ́ẹ̀kan kì í padà wú mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá ti gba ẹyọ ìgbá gidi kan báyìí, ẹ jù ú nù, kódà kí òde ẹ̀ ṣì máa dán.

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀kadà yẹn, ẹ fi sílé. Ó wúwo jù, ọrùn yín á máa dùn yín, ó bo etí pa bẹ́ẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, awò yìnyín, ìyẹn gíláàsì ńlá tí wọ́n fi ń bo ojú, ò sì ní bá a mu. Tèmi tún ni pé ẹ ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹni tó fi dúró. Ẹ tún bi àna yín dáadáa, nígbà míì owó olùkọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kó hẹ́límẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n_Ògólóńtò:

Gbogbo èyí dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ṣebí gbogbo yín mọ Michael Schumacher, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ Formula One lẹ́ẹ̀meje, ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ sáré pa mọ́tò tí kò pa á. December 29, 2013 ló lọ ṣe ski ní Méribel ní Faransé, ó fi orí gbá àpáta. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹ̀ o! Dídé ló dé e. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn fọ́. Láti ọjọ́ yẹn di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí a ò rí i ní gbangba mọ́. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì ṣe?

Èrò tèmi ni pé nǹkan yẹn ń fọkàn èèyàn balẹ̀ jù. Ẹni tó bá ti dé e á rò pé irin lòun, á wá máa já ṣòòròṣò bí dánfó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bíréèkì. Láyé àtijọ́ fìlà òwú làwọn òyìnbó yẹn ń dé lọ síbẹ̀. Ẹ rọra ṣe é, ẹ má sáré, ẹ fi dọ́là 24 yín ra nǹkan fún ọmọ tuntun.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbógbó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bọ̀wọ̀ fún yín àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á díẹ̀.

Schumacher kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là, ó wọ àárín ibi tí òkúta wà lábẹ́ yìnyín. Àwọn dókítà tó gbà á wọlé ní Grenoble ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ká ní kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ni, kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn láàyè. Ẹ wá fi òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ wo ẹlòmíì tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gan-an ló jọ ti bọ̀dá yìí: Natasha Richardson, òṣèré sinimá ará Ìlú Ọba. March 2009, ní Mont Tremblant ní Québec, Kánádà náà ni. Kò sáré o. Kò gun òkè ńlá o. Ibi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà pẹ̀lú olùkọ́ ẹ̀. Ó ṣubú, orí ẹ̀ kanlẹ̀, kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó dìde, ó ń ṣe àwàdà, ó ní kò sóhun tó ṣe òun. Nígbà tó ṣe díẹ̀ orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó ṣubú ó ti kú. Ọdún 45 ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí mo ti fojú mi rí i níbí, kò sí yìnyín kankan níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀bátí yín, ibi tó wà láàárín ojú àti etí. Egungun ibẹ̀ tín-ín-rín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tí egungun yẹn bá sán, ó lè gé iṣan yẹn, ẹ̀jẹ̀ á wá máa ro síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín egungun àti awọ tó bo ọpọlọ. Kò ní kọ́kọ́ hàn. Onítọ̀hún á máa rìn á máa sọ̀rọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti wá pọ̀ tó tó ń ti ọpọlọ ni wàhálà dé.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí wọ́n gbé ọkùnrin kan wá, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, kò tiẹ̀ sáré, wọ́n ń yà fún ewúrẹ́ ni. Òun fúnra ẹ̀ ló wọlé, ó ń bínú pé kí ni wọ́n gbé òun wá ṣe, fóònù ẹ̀ tó sọnù ló ká a lára, ó ní ká jẹ́ kóun lọ wá a kí wọ́n tó mú un lọ. Àwa la ní kó jókòó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ra píọ́ wọ́tà, ó mu ún tán. Kò tó wákàtí méjì ló ní kí wọ́n pa iná, iná ń dun òun lójú. Ó bì. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Mo la ojú ẹ̀, ọmọlójú kan ti fẹ̀ ju ìkejì lọ. Ọlọ́run ló ní ká tètè rí mọ́tò gbé e lọ síbi tó tóbi jù wá lọ, wọ́n ṣí agbárí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó yè é. Títí dòní tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ṣubú àmọ́ kò sí nǹkan kan, ẹ̀bátí ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Nítorí náà bọ̀dá Sábó, ìṣubú wẹ́wẹ́ yẹn, èyí téèyàn máa ń dìde tí á gbọn yìnyín nù, òun gan-an ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà fún. Ẹ dé e.

Ẹ̀gbọ́n_Ògólóńtò:

Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. N ò mọ ti obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo kà á síbì kan pé ní Amẹ́ríkà nǹkan bí 2002 sí 2003, ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí ski, ní báyìí ó ti lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, síbẹ̀ iye àwọn tó ń kú lọ́dọọdún kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbógbó:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n, n ò ní bá yín jiyàn ẹ̀. Àwọn tó ń kú, púpọ̀ nínú wọn igi ni wọ́n ń gbá, eré burúkú sì ni wọ́n ń sá. Ìparí 1997 wọ 1998, láàárín ọjọ́ mẹ́fà síra, Michael Kennedy, ọmọ ìdílé Kennedy tó jẹ́ gbajúmọ̀ olóṣèlú, ní Aspen àti Sonny Bono, olórin tó di olóṣèlú, nítòsí Lake Tahoe, ní Amẹ́ríkà, igi làwọn méjèèjì gbá. Wọn ò dé nǹkan kan lóòótọ́, àmọ́ kò dá mi lójú pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ì bá gbà wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan yẹn wò kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń jù ú sílẹ̀ láti òkè tó tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì ni. Bí ìgbà téèyàn ń sá bíi kìlómítà 20 sí 23 ní wákàtí kan tó fi orí gbá nǹkan nìyẹn. Ẹni tó ti ń sá 50 tàbí 60 tó kọ lu igi, fóòmù páálí tẹlifíṣọ̀n ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo ti orí tó ń fara pa, kì í ṣe ti ikú nìkan, àwọn ará Nọ́wè ṣèwádìí kan tó jáde ní 2006, wọ́n ní ó dín in kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn míì tó ṣe tiwọn lẹ́yìn ìyẹn rí i ní kékeré sí bẹ́ẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ṣì ní ó wúlò.

Ọ̀rọ̀ eré tẹ́ ẹ wí yẹn, ibẹ̀ lẹ ti ní mi. Kó má sáré.

Ará_Ìpakodò:

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí January 2009. Ẹ rántí? Ọjọ́ kìíní ọdún ni Road Safety ní gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn gbọ́dọ̀ máa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì káàkiri Nàìjíríà. Owó hẹ́límẹ́ẹ̀tì fò sókè lójú ẹsẹ̀. Mo rí ọlọ́kadà kan pẹ̀lú ojú mi méjèèjì níbi ráńdábáòtù Sábó, igbá ló gé sí méjì, ó kùn ún ní dúdú, ó lu ihò sí etí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, okùn ṣòkòtò ló fi so ó mọ́ àgbọ̀n. Láti òkèèrè ó jọ ọ́ gan-an ni o! Àwọn míì dé ìkòkò.

Èyí tó wá burú jù ni ti àwa èrò ẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn kan ti fi oògùn sínú ẹ̀, téèyàn bá dé e á di àwátì. Mo rántí pé èmi náà, mo máa kọ́kọ́ fi ọ̀rá búrẹ́dì bo orí, máa wá gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọlọ́kadà lé e, máa sì dì í mú lókè díẹ̀ kó má baà fara kàn mí títí tá a fi dé Àgírìíkì. Ẹ ò rí i pé tá a bá ṣubú, ọwọ́ mi ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ àwa yìí náà la máa ń wọkọ̀ ojú omi ní jẹ́tì Ìpakodò láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí life jacket. Ó tutù, ó ń rùn, òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, a ó wọ̀ ọ́, a ó de okùn ẹ̀, a ó jókòó jẹ́jẹ́. N ò tíì gbọ́ kí ọ̀gá kankan sọ pé òun ti ń sọdá ọ̀sà láti ọdún mẹ́rìnlá, ọkọ̀ òun ò dànù rí. Bọ̀dá Sábó, ọ̀rọ̀ fìlà yín yẹn ló jẹ́ kí n sọ èyí o, ẹ má bínú.

Bọ̀dá_Sábó:

Mi ò bínú rárá, ẹ ti mú mi. Ti ọmọlójú tó fẹ̀ ju ìkejì lọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún madam sí etí, òun gan-an ló wá gbé wàhálà míì dé. Ó ní òun ti fowó sílẹ̀ láti di irun kó tó rìnrìn àjò, èyí tó gùn dé ìdí, òun á sì kó gbogbo ẹ̀ jọ sókè orí. Ó ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì wo ló máa wọ ìyẹn? Ó ní kí n dé tèmi, òun á so gèlè mọ́ orí.

Onídìrí_Àgbọ̀wá:

Gèlè kẹ̀! Ẹ gbé fóònù fún madam kó ka èyí.

Madam, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ má kó irun sókè orí, ẹ má ṣe ṣùkú, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ náà tórí ibi tó ti pàdé láàárín yẹn máa ń ga. Ohun tó bá ti ga lókè orí máa gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì sókè bí ìdérí ìkòkò tí ọ̀bẹ̀ ń ru, tẹ́ ẹ bá sì ṣubú á yí kúrò lórí. Kọ́lẹ́sẹ̀ lẹ máa ṣe. Kó wá láti iwájú lọ sẹ́yìn, kó tẹ́ pẹlẹbẹ, kí gbogbo ìdí ẹ̀ já sí ẹ̀yìn ọrùn, ẹ wá dì í lẹ́yìn ọrùn ní ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ kì í sínú kóòtù kó má baà há sínú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gùn dé ìdí náà ó ṣeé ṣe, kó ṣáà má ní kókó ńlá níwájú. Ẹ má fi wíìgì lọ o, kọ́sítọ́mà mi kan fi lọ síbi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin, n ò ní sọ bó ṣe parí.

Ẹ lè wọ fìlà sátíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀, òun á tún jẹ́ kí irun má gé. Èyí tí wọ́n fi òwú hun tó nípọn yẹn ò dáa lábẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọn orí yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dirun tán, kì í ṣe kó tó di ìgbà yẹn.

ÌyáÌbejì_Calgary:

Onídìrí, Ọlọ́run bù kún ọwọ́ yín, ká ní mo ti gbọ́ èyí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ ni. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni mo padà wá ń ṣe fún àwọn ọmọ mi lóòótọ́.

Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ti dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá a, ẹ dé e, kó tó ìka méjì sókè ojú yín, kó má lọ sẹ́yìn bíi fìlà abetí ajá. Ẹ má tíì de okùn ẹ̀, ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń jó lọ́tọ̀ tí orí yín ń jó lọ́tọ̀, ó tóbi. Ẹ wá de okùn àgbọ̀n kí ìka kan ṣoṣo lè wọbẹ̀. Awò yìnyín gbọ́dọ̀ kan etí ẹ̀ láìsí àlàfo, tí àlàfo bá wà iwájú orí yín á tutù débi pé ẹ máa pariwo.

Tó bá jẹ́ ti òfin, agbègbè Alberta tá a wà yìí ò mú àgbàlagbà. Ní agbègbè Nova Scotia, ní Kánádà níbí náà, ni wọ́n ti mú gbogbo èèyàn lọ́mọdé lágbà láti 2012. Ítálì náà, ọmọdé nìkan ni wọ́n ń mú tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti November 1, 2025 gbogbo èèyàn ni.

Ọmọ_Ìjẹ̀dé_Gidi:

Gbogbo yín kàn ń kọ́ ọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dá ìbéèrè mi lóhùn. Mo ní kí lẹni dúdú ń wá lórí yìnyín?

Ará_Ìpakodò:

Ìwọ ọmọ yìí. 2018, ní PyeongChang ní Kòríà, Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́. Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ló wà nínú ẹgbẹ́ tó lọ fún ọkọ̀ orí yìnyín tí wọ́n ń pè ní bobsled. Simidele Adeagbo tún ṣe èyí tó jẹ́ pé wọ́n á dojú délẹ̀ sórí pèpéle kékeré kan, orí síwájú, àgbọ̀n ò ju ìka díẹ̀ sí yìnyín. Orí síwájú o! Ní 2022 ní Beijing, Samuel Ikpefan ló gbé àsíá wa lọ ṣe ski gan-an. O ti gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Ògólóńtò:

Ẹni ọdún 2022 yẹn, ṣé ó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì? Mò ń bèèrè ni o.

ÌyáÌbejì_Calgary:

Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní pa èèyàn. Èyí tó ṣe yẹn, ti ìrìn jíjìn ni, orí ilẹ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ tẹ́jú ni wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni ń sáré, fìlà lásán làwọn yẹn ń dé. Ti òkè jíjá ni tiwa.

Ẹ̀gbọ́n_Ògólóńtò:

Ẹ ò rí nǹkan. Mo ṣáà bèèrè ni.

Bọ̀dá_Sábó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé, a ti lọ, a ti bọ̀. Mo ṣèlérí pé máa padà wá jábọ̀.

Àkọ́kọ́, ìyá ìbejì, ẹ ṣeun, owó olùkọ́ ti kó hẹ́límẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lóòótọ́. Lórí òfo ni mo ti ń bá gbogbo yín jà. Madam ṣe kọ́lẹ́sẹ̀, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, òun gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, ìgbà ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣubú, ó ti ń fi fọ́tò ẹ̀ dún mọ̀huru mọ̀huru nínú gbogbo gúrúùpù ìjọ wa.

Èmi ṣubú. N ò ka iye ẹ̀. Bàtà yẹn nìkan, bí ẹni ki ẹsẹ̀ bọ sìmẹ́ǹtì títí tó fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, nínú gbogbo ìṣubú yẹn orí mi ò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti fẹ́ máa rò ó pé ẹ̀gbọ́n Ògólóńtò ló jàre. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá ní ká gun àga tó ń fi okùn irin gbé èèyàn lọ sókè. Mo jókòó, mò ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń jìn, àdúrà ni mò ń gbà lọ́wọ́, n ò mọ̀ pé irin kan wà lókè tí wọ́n máa ń fà sílẹ̀ kó dí iwájú èèyàn. Àna mi ò sọ fún mi, ó kàn fà á. Kó! Àárín orí mi gan-an. Àmì ẹ̀ wà lára hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn, bó ṣe gùn tó ìka mi yìí. Àna mi dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí àga yẹn pẹ̀lú okùn irin lókè wa, mo ní kó dìde jọ̀ọ́ kó má baà já bọ́.

Ibi tó wá ń dùn mí báyìí ni ìdí. Ìdí ni mo fi ń ṣubú ṣáá. Láti ọjọ́ Sátidé ìdajì ìdí ni mo fi ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìgbógbó débí láàárọ̀ yìí torí n ò lè jókòó lórí ọ̀kadà. Gbogbo yín ń sọ orí, orí, orí, kò sẹ́nì kan tó sọ fún mi pé kí n wá hẹ́límẹ́ẹ̀tì fún ìdí.

ÌyáÌbejì_Calgary:

Ó wà o. Ṣòkòtò péńpé tí wọ́n rọ fóòmù sí ìdí ẹ̀, abẹ́ ṣòkòtò òkè lẹ máa wọ̀ ọ́ sí. Èmi ní méjì. Ẹ ò bèèrè ni.